Ṣámpù ketoconazole tí mo rà ní Ṣágámù fún orí yíyún

Láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ni orí mi ti ń yún, tí awọ rẹ̀ sì ń bó bí ìpẹ́ sí èjìká aṣọ mi, bẹ́ẹ̀ ni mò ń fi àdín pa á lójoojúmọ́ nítorí mo gbà pé gbígbẹ ló gbẹ. Apòògùn tí mo bá ní ilé ìtajà oògùn kan ní Ṣágámù ní kí n ṣí gèlè, ó wò ó dáadáa, ó sì fi hàn mí pé ìpẹ́ náà tóbi, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, ó sì ní ọ̀rá. Ó ṣàlàyé pé irú ìwúkàrà kan (ohun abẹ̀mí kékeré tí ojú lásán kò lè rí) tí a ń pè ní Malassezia, tó ń gbé lórí gbogbo ènìyàn tó sì ń jẹ ọ̀rá awọ, ló ń fa irú èyí, àti pé àdín mi kò bá a jà rárá.

Ṣámpù ketoconazole 2%, oògùn tó ń bá irú ìwúkàrà yìí jà, ni ó tà fún mi: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4, kí ó wà lórí fún ìṣẹ́jú 5 kí n tó ṣàn án. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, yíyún náà ti rọlẹ̀ gan-an. Ó máa ń mú irun le díẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ tú irun dídì kí ó tó lè kan awọ orí. Ohun tí mo mọrírì jù ni pé apòògùn náà kọ̀ láti tà á fún ìyá kan tí irun ọmọ rẹ̀ ń já ní róbótó róbótó. Làpálàpá orí nìyẹn, oògùn gbígbémì ló ń fẹ́, ó sì ní kí ó gbé ọmọ náà lọ sí ilé ìwòsàn.