unattended-upgrades lórí Ubuntu àti Debian: ẹ jẹ́ kó máa bá yín ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní sáfà Linux nílé, ní ọ́fíìsì, ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí nílé ìwé, tó sì jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ bá rántí lẹ máa ń tẹ apt upgrade, àṣẹ tó ń gbé àpdéètì sórí ẹ̀rọ, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Sọ́fúwíà kan wà tó ń jẹ́ unattended-upgrades, ọ̀fẹ́ ni, ó ṣeé ṣe kó ti wà lórí Ubuntu yín látọjọ́ tẹ́ ẹ ti gbé e sórí ẹ̀rọ, kẹ́ ẹ má sì mọ̀. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó máa lọ wò ó bóyá àwọn tó ń ṣe Ubuntu tàbí Debian ti gbé àtúnṣe ààbò jáde, kó dáńlóòdù ẹ̀, kó fi sórí ẹ̀rọ, láìjẹ́ pé ẹnì kan jókòó tì í. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń lò ó, lórí sáfà tá a yá lókè òkun àti lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó wà níbí n'Íbàdàn tó jẹ́ ínfátà ló ń gbé wọn, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó dáa. Àmọ́ àwọn nǹkan kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ tún ṣe kẹ́ ẹ tó lè fọkàn tán an.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù níbẹ̀ rèé: kì í ṣe ju iṣẹ́ tí wọ́n rán an lọ. Lórí Ubuntu, bó ṣe wà látilẹ̀, àtúnṣe ààbò ló ń mú, ẹ ṣí fáìlì /etc/apt/apt.conf.d/50unattended-upgrades, ẹ máa rí i pé ìlà tó ní -security wà ní ṣíṣí, èyí tó ní -updates ní àmì // níwájú, ìyẹn ni pé wọ́n ti pa á. Torí náà kì í dédé gbé PHP tuntun tàbí Nginx tuntun wá bá yín lóru, àtúnṣe tí wọ́n ṣe sára ẹ̀yà tẹ́ ẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀ ló máa ń fi síbẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n rán lọ ra iyọ̀ tó sì ra iyọ̀ nìkan bọ̀. Debian ò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ ti sáfà Debian, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sábà máa ń tàn án, ẹ tẹ sudo dpkg-reconfigure -plow unattended-upgrades, ẹ mú Yes, ó parí.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín máa béèrè: tó bá lọ ba sáfà mi jẹ́ ńkọ́? Ó ti ṣẹlẹ̀ rí o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kò lè ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ 8 oṣù kẹta 2023, iléeṣẹ́ Datadog l'Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiwọn gan-an ni kí wọ́n máa báwọn èèyàn ṣọ́ sáfà, àpdéètì ààbò kan fún systemd (ètò tó ń tan àwọn iṣẹ́ inú Linux tó sì ń bójú tó wọn) wọlé fúnra ẹ̀ sórí àwọn ẹ̀rọ wọn tó ń lo Ubuntu 22.04, láàárín aago mẹ́fà sí méje àárọ̀ UTC (aago àgbáyé). Bó ṣe wọlé, systemd-networkd, apá ẹ̀ tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tún ara ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó sì pa àwọn ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí Cilium, sọ́fúwíà nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí wọ́n ń lò, ti là sórí àwọn ẹ̀rọ yẹn rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ju ẹgbẹ̀rún lọ́nà mẹ́wàá lọ ṣe já kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì láàárín wákàtí kan. Kí ló dé tó jẹ́ aago mẹ́fà sí méje? Torí pé àsìkò tí apt-daily-upgrade.timer, aago inú ẹ̀rọ tó ń pe unattended-upgrades síṣẹ́, máa ń jí nìyẹn lórí gbogbo Ubuntu tí ẹnikẹ́ni ò bá fọwọ́ kàn, aago mẹ́fà, á wá fi ìṣẹ́jú díẹ̀díẹ̀ kún un, tí ò ní ju ọgọ́ta lọ. Ẹ̀rọ wọn tó wà nílẹ̀ yìí àti èyí tó wà nílẹ̀ òdìkejì ayé, aago UTC kan náà ni gbogbo wọn ń tẹ̀ lé, wọ́n bá jọ ṣubú.

Àwọn kan ka ìtàn yìí, wọ́n ní àwọn ti pa unattended-upgrades pátápátá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Datadog lè pa á ní tiwọn torí wọ́n ní àwọn òṣìṣẹ́ tó ń gbé àpdéètì jáde ní ipele ní ipele. Ṣé ẹ̀yin náà ní irú ẹ̀? Bẹ́ ẹ ò bá ní, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ yín ṣe é lọ́jọ́ kan náà. Ẹ tẹ sudo systemctl edit apt-daily-upgrade.timer, ẹ kọ [Timer] síbẹ̀, lábẹ́ ẹ̀ ẹ kọ OnCalendar= láìfi nǹkan kan síwájú ẹ̀ kó lè gbàgbé èyí tó wà tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá kọ tiyín, ká ní OnCalendar=Mon 03:00 lórí ẹ̀rọ tí ò fi bẹ́ẹ̀ ṣe pàtàkì, Wed 03:00 lórí èyí tí owó ń gbà wọlé. Tí nǹkan bá máa bàjẹ́, ti Monday ló máa kọ́kọ́ pariwo, ẹ ó sì ti rí i kó tó kan èyí tó ṣe kókó.

Ẹ wá wo apá kejì. Lọ́jọ́ 1 oṣù keje 2024, àwọn Qualys, iléeṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà kan, kéde regreSSHion, CVE-2024-6387, ihò kan nínú OpenSSH tó lè jẹ́ kẹ́ni tí ò ní páswọ́ọ̀dù wọlé bíi root, ìyẹn ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, Ubuntu sì gbé àtúnṣe ẹ̀ jáde lọ́jọ́ yẹn gan-an. SSH ni o, ilẹ̀kùn tí gbogbo wa fi ń wọlé sí sáfà! Ẹni tó ń dúró de ìgbà tóun bá ráyè, sáfà ẹ̀ ló wà ní ṣíṣí síta títí ó fi ráyè. Àwọn kan á sì mú ọ̀rọ̀ XZ, sọ́fúwíà tó ń fún fáìlì pọ̀, wá, pé ṣebí àpdéètì ló gbé ìwà ọ̀dàlẹ̀ yẹn wọlé ní 2024. Rárá, ẹ̀yà 5.6.0 àti 5.6.1 tí wọ́n fi nǹkan burúkú sínú ẹ̀ yẹn, ẹnjiníà sọ́fúwíà kan tó ń jẹ́ Andres Freund rí i lóṣù kẹta torí pé SSH ẹ̀ ń falẹ̀ díẹ̀, kò sì tíì dé Debian stable tàbí Ubuntu tí wọ́n ti gbé jáde, àwọn tó ń lo ẹ̀yà ìdánwò, bíi Debian testing àti sid, Fedora Rawhide àti irú wọn, ló kàn. Sáfà tó wà lórí stable, tó ń gba àtúnṣe ààbò nìkan, kò fara kan án rárá. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń ṣí ìlà -updates lórí sáfà, mo fi í sílẹ̀ bí wọ́n ṣe pa á.

Ní báyìí, ọ̀rọ̀ iná. Èyí ló kàn wá jù níbí, ẹ kì í sì í rí i kà nínú àlàyé táwọn òyìnbó ń kọ. Timer yẹn ní ìlà Persistent=true, ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé tí ẹ̀rọ bá wà ní pípa ní aago mẹ́fà, kò ní fo iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, á dúró dè yín títí ẹ ó fi tàn án. Torí náà tí NEPA bá mú iná dé laago mọ́kànlá tẹ́ ẹ tan ẹ̀rọ, tẹ́ ẹ bá tẹ apt install, tó ní Could not get lock /var/lib/dpkg/lock-frontend, kò sí nǹkan tó bàjẹ́, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ ní sùúrù fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa fáìlì lock yẹn rẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ kiri, ibẹ̀ ni dpkg, ohun tó ń fi pákéèjì sórí ẹ̀rọ, ti ń bàjẹ́.

Tíná bá wá lọ nígbà tó ń fi pákéèjì sórí ẹ̀rọ ńkọ́? Àwọn tó ṣe é ro ìyẹn náà. MinimalSteps wà ní títàn látilẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ló fi ń gbé pákéèjì, kì í kó gbogbo ẹ̀ pa pọ̀, AutoFixInterruptedDpkg náà wà ní títàn, tó bá rí i pé iṣẹ́ àná dúró sáàárín á kọ́kọ́ parí ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ ò fẹ́ dúró, sudo dpkg --configure -a lẹ máa tẹ̀. Ó tún ní OnlyOnACPower, láptọ́ọ̀pù tó bá wà lórí bátìrì, kò ní fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ò ní bátìrì nínú, kò lè mọ̀ pé ínfátà ló ń gbé òun, iná ni iná lójú tiẹ̀, kódà kí bátìrì ínfátà ti fẹ́ kú. Ohun tí mo ṣe sí tiwa ni pé mo sún OnCalendar sí aago tí jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì máa ń wà ní títàn, láti ìgbà náà mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí dpkg tó dúró sáàárín mọ́.

Dátà náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo MiFi ní láti sọ fún ẹ̀rọ pé dátà tóun ń fowó rà ni, NetworkManager, ohun tó ń bójú tó íntánẹ́ẹ̀tì lórí ẹ̀rọ, ò lè fojú rí i. Ẹ tẹ nmcli connection modify, orúkọ wifi yín, connection.metered yes, á sì fo àpdéètì títí ẹ ó fi bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì míì. Àmọ́ tó bá jẹ́ MiFi yẹn nìkan lẹ ní, ẹ má ṣe é bẹ́ẹ̀, torí kò ní gba àtúnṣe kankan láéláé, ẹ kúkú ṣí ìlà Acquire::http::Dl-Limit nínú fáìlì kan náà, 70 tó wà níbẹ̀ túmọ̀ sí kílóbáìtì 70 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò ní gbé gbogbo líńkì. Tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ̀rọ bíi mélòó kan nínú ilé kan náà, ẹ fi apt-cacher-ng sórí ọ̀kan, port 3142 ló ń lò, ẹ̀rọ àkọ́kọ́ á dáńlóòdù, àwọn tó kù á mú un lọ́dọ̀ ẹ̀. Fún ilé ìwé tó ní yàrá kọ̀ǹpútà, owó gidi nìyẹn.

Ibi tí mo ti ní wàhálà pẹ̀lú ẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ pípa àti títàn. Kernel (ọkàn Linux fúnra ẹ̀) tuntun ti wà lórí dísíìkì, àmọ́ ti àtijọ́ ló ń ṣiṣẹ́ títí ẹ ó fi pa ẹ̀rọ tún un tàn, bẹ́ẹ̀ látilẹ̀ Automatic-Reboot wà ní "false". Ẹ lè rí sáfà tó ti ń gba àtúnṣe kernel láti bí ọdún kan tí ìkankan nínú wọn ò tíì ṣiṣẹ́. Ẹ wò ó bóyá fáìlì /var/run/reboot-required wà, tó bá wà, ó ń dúró dè yín nìyẹn. Èmi máa ń yí i sí "true", màá wá fi Automatic-Reboot-Time sí "02:00", mo sì máa ń rí i dájú pé gbogbo nǹkan tó wà lórí sáfà lè dìde fúnra ẹ̀ kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tí sáfà ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ kú lè forúkọ sílẹ̀ fún Ubuntu Pro, ọ̀fẹ́ ni fún ẹ̀rọ 5 tó jẹ́ ti ara ẹni, Livepatch wà nínú ẹ̀ tó ń tún ọ̀pọ̀ ihò kernel ṣe láìpa ẹ̀rọ.

Àwọn nǹkan tí ò ní fọwọ́ kàn: Docker tẹ́ ẹ mú láti ibi tí Docker fúnra wọn ń kó o sí, PPA (ibi táwọn ẹlòmíì ń kó sọ́fúwíà tiwọn sí), àti ohun gbogbo tí ò ti ọ̀dọ̀ Ubuntu wá, àyàfi tẹ́ ẹ bá kọ orúkọ ibẹ̀ sínú Allowed-Origins. Snap, irú pákéèjì míì lórí Ubuntu, ní ètò tiẹ̀ lọ́tọ̀. Pákéèjì tó bá sì fẹ́ béèrè nípa fáìlì sẹ́tíìnì tẹ́ ẹ ti yí padà, á fò ó, á kọ ọ́ sínú lọ́ọ̀gì pé ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá fọwọ́ ṣe é. Package-Blacklist wà fún ẹni tó bá fẹ́ yọ dátábéèsì kúrò, ṣùgbọ́n ohunkóhun tẹ́ ẹ bá kọ síbẹ̀, àtúnṣe ààbò ẹ̀ náà ò ní wọlé mọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Linux míì, bíi Fedora, Rocky àti Alma, dnf-automatic ni tiyín, apply_updates wà ní no látilẹ̀, ẹ yí i sí yes, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á kàn máa dáńlóòdù lásán.

Ohun tó bí mi nínú jù ni pé kì í sọ̀rọ̀. Tó bá ti bàjẹ́, ẹ ò ní gbọ́, àfi tẹ́ ẹ bá fi ímeèlì yín sí Unattended-Upgrade::Mail, tí ẹ̀rọ náà sì ní ohun tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́, mo máa ń fi MailReport sí "only-on-error". Èyí tó burú jù ni ti ẹ̀yà tí àtìlẹ́yìn ẹ̀ ti parí. Ubuntu 20.04, àtìlẹ́yìn ọ̀fẹ́ gbogbogbòò fún un parí lóṣù karùn-ún 2025, síbẹ̀ lórí sáfà tí ò ní Pro, lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́ sí lọ́ọ̀gì pé òun ò rí pákéèjì tóun máa tún ṣe, ẹni tó bá kà á á rò pé ara ẹ̀rọ le. Ẹ tẹ pro security-status lórí Ubuntu yín lónìí, á sọ fún yín bóyá ẹ̀yà tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ ṣì ń gba àtúnṣe, àti títí di ìgbà wo.