Ẹ lọ sí Niles ní alẹ́ Sátidé: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn fíìmù tí kò ní ohùn

Bí ẹ bá ń gbé ní agbègbè San Francisco, tàbí tí ẹ ń bọ̀ wá kí ọmọ tàbí àbúrò yín níbẹ̀, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ afárá pupa yẹn, Golden Gate, nìkan ni wọn yóò mú yín lọ wò. Ẹ ní kí wọ́n gbé yín lọ sí Niles. Láti 1956 ló ti wà lábẹ́ ìlú Fremont, àmọ́ ó ṣì dá dúró láyè ara rẹ̀: òpópónà kan, ojú irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti òkè kan tí wọ́n kọ NILES gàdàgbà-gàdàgbà sí lára. Láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àga àti àwo àtijọ́ ni ẹ ó ti rí Niles Essanay Silent Film Museum, nínú ilé sinimá kékeré kan tí wọ́n ṣí ní 1913, Edison Theater.

Kí n tó kó wá sí Oakland, iṣẹ́ ẹ́dítì fíìmù ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn. Èmi ni mo máa ń to àwòrán, èmi náà ni mo máa ń to ohùn sí i. Nígbà tí mo dé Amẹ́ríkà, mo lọ wo sítúdíò ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Wọ́n gba owó gidi lọ́wọ́ wa, wọ́n kó wa sínú ọkọ̀, wọ́n ń fi ògiri tí wọ́n kùn lọ́dà hàn wá. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe fíìmù nínú gbogbo wa. Ti Niles yàtọ̀ pátápátá. Iṣẹ́ ni wọ́n fi hàn mí níbẹ̀.

Chicago ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1907. George Spoor mọ bí a ṣe ń fi fíìmù ṣòwò. Gilbert Anderson ní tirẹ̀ jẹ́ òṣèré tó ti kó ju ipa kan lọ nínú fíìmù adigunjalè ojú irin tí ilé iṣẹ́ Edison ṣe ní 1903. Àwọn méjèèjì ló dá ilé iṣẹ́ fíìmù Essanay sílẹ̀. Anderson ló wá di Broncho Billy, ẹni àkọ́kọ́ tí orúkọ rẹ̀ kárí Amẹ́ríkà nítorí fíìmù cowboy. Oòrùn ni ìṣòro rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ ni fíìmù ìgbà yẹn ń fẹ́, òtútù Chicago kò sì ní àánú ẹnikẹ́ni. Ó kó òṣèré, ó kó kámẹ́rà, wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n forí lé ìwọ̀ oòrùn, láti Colorado dé California, títí wọ́n fi balẹ̀ sí Niles ní 1912. Ohun tó ń wá pé síbẹ̀: àfonífojì tí omi ń gbà kọjá, ọ̀nà eléruku, ọkọ̀ ojú irin, oòrùn, ìlú ńlá tí kò jìnnà. Lọ́dún kejì, wọ́n kọ́ sítúdíò àti ilé kéékèèké fún àwọn òṣìṣẹ́. Kí wọ́n tó ti ibẹ̀ pa ní Oṣù Kejì 1916, fíìmù tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ti lé ní 300.

Ẹ fi iye ọdún yẹn pín iye fíìmù yẹn wò. Ó ju ẹyọ kan lọ lọ́sẹ̀! Lóòótọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kì í ju róòlù kan sí méjì lọ, róòlù kan sì tó nǹkan bí ìdá mẹ́rin wákàtí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń lé wọn. Láti 1905 tí wọ́n ti ṣí ilé sinimá oní sẹ́ǹtì márùn-ún kan ní Pittsburgh, irú rẹ̀ ti kún gbogbo ìlú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń pààrọ̀ fíìmù lójoojúmọ́, torí àwọn oníbàárà kan náà ló ń padà wá. Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró ní lókéṣọ̀n fíìmù Yorùbá rí, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ: máàkẹ́tà ń pè, ọjọ́ ti pé, àwòrán kò tíì pé. Mo dúró pẹ́ níwájú àwọn fọ́tò àwọn òṣìṣẹ́ Essanay tó wà lára ògiri. Mo mọ ojú ẹni tí kò rí oorun sùn.

Ọ̀rọ̀ kámẹ́rà ló gbà mí lọ́kàn jù. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i, ìyípo méjì ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àwòrán mẹ́jọ nínú ìyípo kan. Bí ayàwòrán bá yí i kíákíá, àwọn èèyàn á máa rọra rìn nínú sinimá. Bó bá yí i díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa sáré kìtàkìtà, ìyẹn sì ni àwọn aláwàdà fẹ́ràn. Láìmọye ìgbà ni mo ti fi kọ̀ǹpútà ṣe irú rẹ̀. Ọrùn ọwọ́ lásán ni àwọn yẹn fi ń ṣe é, lórí òkè, nínú eruku, kò sì sí ohun tí wọ́n fi lè wo ohun tí wọ́n yà títí wọn yóò fi fọ fíìmù náà. Tún wá gbọ́ ti àwọ̀: fíìmù ìgbà yẹn kì í rí pupa. Ètè tí wọ́n fi pupa kùn á dúdú kirikiri, ojú aláwọ̀ búlúù á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun tán. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kun ojú àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀. Èmi ti máa ń rò pé àṣà oge lásán ni.

Àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń yọ̀ǹda ara wọn. Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀ kan, ẹ mú àga jókòó.

Ti Charlie Chaplin ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń bá wá, kò sì burú. Keystone, ilé iṣẹ́ fíìmù tí aláwàdà náà wà tẹ́lẹ̀, ń san $150 fún un lọ́sẹ̀; Essanay fa $1,250 kalẹ̀, wọ́n tún fi $10,000 lé e kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1915 ló dé Niles. Ìlú kékeré náà kò bá a lára mu, fíìmù márùn-ún ló ṣe níbẹ̀ kó tó kọrí sí Los Angeles. Àmọ́ ọ̀kan nínú márùn-ún yẹn ni èyí tó ti fi ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, tó ń dá nìkan rìn lọ lójú ọ̀nà, àfonífojì Niles gan-an ni wọ́n sì ti yà á. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ mìíràn, Mutual, gbà láti san $670,000 fún un fún ọdún kan. Ibẹ̀ ni mo ti rí ibi tí iṣẹ́ náà ti yí padà. Àwọn tó ni sítúdíò, Essanay pẹ̀lú, ti bá Edison da ẹgbẹ́ pọ̀ ní 1908 kó má bàa sí ẹlòmíràn tó lè ṣe fíìmù láìgba àṣẹ wọn. Kò pẹ́ tí àwọn ará ìta fi ń ṣe fíìmù gígùn, tí wọ́n ń polówó orúkọ òṣèré, tí ilé ẹjọ́ sì dá ẹgbẹ́ yẹn lẹ́bi ní 1915. Òṣèré tí èrò ń tìtorí rẹ̀ san sẹ́ǹtì márùn-ún ló wá ń sọ iye tó fẹ́ gbà. Ní tèmi o, Anderson ni mo bá lọ, torí òun ló kọ́kọ́ fi hàn pé ojú kan náà, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, lè mú èrò padà wá.

Ó wá ku alẹ́. Ní alẹ́ Sátidé, wọ́n máa ń gbé fíìmù sójú aṣọ nínú ilé sinimá yẹn, ẹni kan á sì máa tẹ dùùrù sí i lójú ẹsẹ̀. Ìyá mi ti Ìbàdàn wá kí wa, mo mú wọn lọ. Màmá kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Ní sinimá ìgbàlódé tí a kọ́kọ́ lọ, wọ́n sùn lọ ni. Ní Niles, wọn kò ṣẹ́jú. Ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tó bá jáde sójú aṣọ, mo sọ ọ́ sí wọn létí ní Yorùbá, kò ju gbólóhùn kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbá mi lápá: “Àdùkẹ́, má wulẹ̀ sọ ọ́ mọ́, mo ti rí i. Olè yẹn ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.” Bẹ́ẹ̀ ni àwọn fíìmù yìí ṣe rìn kárí ayé: wọ́n á pààrọ̀ ọ̀rọ̀ ojú aṣọ sí èdè ibi tí wọ́n ń lọ, ó parí. Ní 1903 gan-an, nígbà tí Niles kò tíì ní sítúdíò kankan, àwọn ará Èkó ti wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní Glover Memorial Hall.

Nípa dùùrù yẹn, èmi tí mo ti fi ohùn sí fíìmù ṣe iṣẹ́ jẹun, ẹ gbà mí gbọ́. Atẹ dùùrù ń wo ojú aṣọ, kò wo ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹṣin bá bẹ̀rẹ̀ sí sáré, ọwọ́ rẹ̀ ti bá a lọ. Bí èrò bá rẹ́rìn-ín pẹ́, á fa orin gùn díẹ̀ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Kò sí ẹ̀rọ kankan tó lè ṣe ìyẹn fún mi nínú gbogbo èyí tí mo ti lò. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹni tó ń to ohùn wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń gbọ́ ọ.

Ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó kó àwọn ọmọ lọ. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà náà, èèyàn burúkú ni wọ́n máa ń fi àwọn ará Mẹ́síkò àti àwọn ọmọ onílẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe, aláwọ̀ funfun tó fi dúdú kun ojú ni ẹ ó sì rí nígbà mìíràn níbi tó yẹ kí ẹ ti rí èèyàn dúdú. Mo ṣàlàyé fún ọmọkùnrin mi kí a tó wọlé, mo tún ṣàlàyé nígbà tí a jáde. Inú bí i. Ó yẹ kó bí i.

Ní ti sítúdíò fúnra rẹ̀, wọ́n ti wó o láti 1933, àwọn panápaná ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Díẹ̀ nínú ilé àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà ní Second Street, èèyàn ń gbé inú wọn, ẹ má wọ àgbàlá wọn. Fíìmù náà ò kúkú dúró: nínú àwọn fíìmù gígùn aláìlóhùn tí Amẹ́ríkà ṣe, nǹkan bí 14 nínú 100 ló kù bí wọ́n ṣe gbé e jáde nígbà náà. Fíìmù ayé ìgbà náà tètè ń gbiná, àwọn tó ni í pàápàá sì ń dà á nù. Ìdí nìyẹn tí mo fi bọ̀wọ̀ fún David Kiehn, onímọ̀ ìtàn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yìí. Òun ló fi ìwé ìròyìn, àkọsílẹ̀ ojú ọjọ́ àti nọ́ńbà ara mọ́tò fi hàn pé fíìmù òpópónà Market Street ní San Francisco, tí wọ́n ti ń sọ pé ọdún 1905 ni, ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n yà á ṣáájú kí ilẹ̀ tó mì tìtì ní 18 Oṣù Kẹrin 1906.

Ẹ dé ibẹ̀ lọ́sàn-án, ẹ wo ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà fara balẹ̀, ẹ rìn dé ojú irin, ẹ wá oúnjẹ jẹ, kí ẹ tó padà wá wo sinimá. Ẹ yẹ ètò wọn wò kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ẹ bá ń mú àgbàlagbà tàbí ọmọdé lọ, alẹ́ aláwàdà ni kí ẹ mú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí orúkọ Broncho Billy nínú ètò náà, òun ni kí ẹ lọ wò.