Ẹ ṣọ́ra fún ṣọ́ọ̀kù oní-nọ́ọ̀bù yìí o, kó-kó-kó lásán ni!

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó fi mí rẹ́rìn-ín, ẹ kà á tán ná. Inú ń bí mi, ojú sì ń tì mí, mi ò tiẹ̀ mọ èwo ló pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ọkùnrin kan ta ṣọ́ọ̀kù mẹ́rin fún mi (ọ̀pá olọ́ìlì tó wà nídìí táyà, tí kì í jẹ́ kí mọ́tò máa fò sókè sódò), irú èyí tí èèyàn lè yí kó le tàbí kó rọ̀, fún mọ́tò kékeré mi tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí mo fẹ́ràn ju bó ṣe yẹ lọ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi tu owó ẹ̀ jọ, ó wá já sí pé nọ́ọ̀bù tó wà lórí ẹ̀ tí mò ń yí tọkàntọkàn yẹn, ariwo lásán ló ń pa. Kó, kó, kó. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Kò sí!

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Ṣọ́ọ̀kù tó ṣeé yí lórí ní tòótọ́, ọ̀pá ẹ̀ ní ihò láàárín, ọ̀pá tín-ín-rín mìíràn ló gba inú ihò yẹn lọ bá fáàfù tó wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá yí nọ́ọ̀bù, ọ̀pá tín-ín-rín yẹn á dí ojú ọ̀nà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá kù, ọ́ìlì ò ní tètè ráyè, ṣọ́ọ̀kù á wá le. Tèmi ńkọ́? Nígbà tí mẹkáníìkì mi gé ọ̀kan sí méjì lójú mi (ẹ má dán an wò fúnra yín o, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ máa ń wà nínú òmíràn), ọ̀pá ẹ̀ dí pinpin bí irin fèrèsé. Bọ́ọ̀lù irin kékeré kan àti sípíríǹgì tí ò tó ìka ọmọdé ló wà lábẹ́ nọ́ọ̀bù, iṣẹ́ wọn ò sì ju kí wọ́n máa dún kó lọ. Ẹnì kan jókòó, ó ronú, ó ṣe ẹ̀rọ tí á máa parọ́ fún mi létí!

Ibi tó dùn mí jù nìyí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi ń tún nǹkan tí ò sí níbẹ̀ ṣe. Mo ra ìwé tí màá máa kọ ọ́ sí. Màá jí kílẹ̀ tó mọ́ nígbà tí ọ̀nà bá ṣófo, màá wọn atẹ́gùn táyà, màá yí ṣọ́ọ̀kù iwájú padà ní kó mẹ́jọ (bó bá ṣe dún kó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan nìyẹn), ti ẹ̀yìn ní mẹ́wàá, màá gba kọ́nà kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, màá wá dúró, màá kọ ọ́ sílẹ̀: “iwájú ti ń gbọ́ràn ju tàná lọ.” Olúwa mi ò! Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìdí mọ́tò ò yọ̀ mọ́. Ìyàwó mi jókòó tì mí lọ́jọ́ kan, ó ní lójú tòun o, bó ṣe ń gbọ̀n tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń gbọ̀n, mo ní kí ló mọ̀ nípa mọ́tò. Ó dákẹ́. Látìgbà tí mo ti gbé ṣọ́ọ̀kù tí wọ́n gé yẹn wálé, ó ṣì dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn gan-an ló ń pa mí.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kí ló dé tó ò yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó sanwó. Mo yẹ̀ ẹ́ wò! Mo yí i, ó dún. Kí lẹ tún fẹ́ kí n ṣe, kí n wá gé e níwájú ẹni tó ń tà á? Ó dáa, ó dáa, mo lè fọwọ́ fà á wò, ìṣẹ́jú kan péré ni ì bá gbà mí. Mi ò ṣe é torí ọkùnrin yẹn ń pè mí ní ọ̀gá, ó ní “ọ̀gá, ẹni tó mọ mọ́tò tó báyìí ò nílò àlàyé,” orí mi wú, mo sanwó. Òmùgọ̀ ni mí. Rárá o, mi ò kì í ṣòmùgọ̀, òun lolè!

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí, kíá: ẹ yí i kó rọ̀ pátápátá, ẹ ti ọ̀pá ẹ̀ wọlé, ẹ fà á jáde. Ẹ tún yí i kó le pátápátá, ẹ tún fà á. Tó bá jẹ́ ojúlówó, ẹ̀ẹ̀kejì á gba agbára, ọ̀pá á máa lọ́ra jáde. Tí méjèèjì bá rí bákan náà, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ máa lọ.

Ìyẹn nìkan kọ́. Ọkùnrin yẹn ní ọmọ iṣẹ́ òun á bá mi dè é lọ́fẹ̀ẹ́. Lọ́fẹ̀ẹ́ o! Ọmọ yẹn fi piláyà di ara ọ̀pá mú, irin dídán tí ìlà tín-ín-rín bí irun ò gbọdọ̀ sí lára ẹ̀ torí òun ló ń wọ inú síìlì, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, tó sì ń jáde lójoojúmọ́. Ó tún gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà lé nọ́ọ̀tì orí ẹ̀, gbogbo ọ̀pá ń pòòyì, èmi ńkọ́, mo dúró síbẹ̀, mò ń fi fóònù ya fídíò, mò ń rẹ́rìn-ín! Orí jáàkì ni mọ́tò ṣì wà, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń rọ̀ dirodiro, tó fi fún àwọn bóòtì ìsàlẹ̀ pa. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, èèyàn á fi ọwọ́ dì wọ́n lásán ni, ó di ìgbà tí mọ́tò bá fẹsẹ̀ kanlẹ̀ tó gbé ìwúwo ara ẹ̀ kẹ́ ẹ tó fún wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ rọ́bà búùṣì á wà ní lílọ́ nígbà gbogbo. Tèmi ti fà ya. Ọ́ìlì ń jò lọ́wọ́ òsì iwájú. Mọ́tò lọ sílẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dè é tán, mo béèrè alignment, ìyẹn títo táyà kó dúró gún, ó ní kò pọn dandan, inú táyà iwájú méjèèjì sì ti pá báyìí. Ó pọn dandan o, ẹ má gbà fún ẹnikẹ́ni.

Mo pe ọkùnrin tó tà á fún mi. Ṣé ẹ mọ nǹkan tó sọ? Ó ní mo yí i kọjá ààlà. Kí ni mo yí kọjá ààlà, bọ́ọ̀lù àbí sípíríǹgì? Ó tún wá bi mí pé ṣé láti ibi tó le jù ni mo ti ń kà á bọ̀ sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe ń kà á lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ ni mo sì ṣe, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe gbójú tó o, mo fi ìpè sílẹ̀, mo tún lọ wo ìwé mi bóyá èmi ni mo ṣì í kà! Nígbà tí mo padà dé, ó ti dí nọ́ńbà mi.

Mi ò gba ẹni kankan gbọ́ mọ́ báyìí. Ẹni tó ń ta táyà, ẹni tó ń ta bátìrì, gbogbo wọn pátá. Ó lè jẹ́ àṣejù, ẹni tó bá ń tajà lóòótọ́ nínú yín kó má bínú, ṣùgbọ́n kó fi ìwé tí ẹ̀rọ ìdánwò ṣọ́ọ̀kù yà hàn mí. Ìlà ibi tó rọ̀ àti ìlà ibi tó le gbọ́dọ̀ jìnnà síra lórí ẹ̀. Tí ò bá ní in, kó má pè mí ní ọ̀gá.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ èyí lálẹ́ yìí ni pé ọkùnrin yẹn ti tún gbé mẹ́rin mìíràn síta fún títà, ọ̀rọ̀ tí mo fi ránṣẹ́ sí i lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì fi ṣe ẹ̀rí. Ó yọ orúkọ mi, ó fi ìyókù sílẹ̀: “Kó méjì péré ni mo yí, mọ́tò yí padà pátápátá, kò láfiwé.” Tẹ́ ẹ bá rí i níbikíbi, èmi ni mo kọ ọ́. Mo ti kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ẹ má rà á.