Espacenet, láti Àjàṣẹ́

Àbúrò mi kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń to ẹ̀yà inú ṣíìpù fúnra rẹ̀, ló bá ní òun á gba páténtì, ìwé ẹ̀tọ́ olùṣẹ̀dá, ní OAPI, àjọ tó ń fúnni ní páténtì ní Benin àti àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà míì. Mo ní ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹnìkan ò ti ṣe é. A lọ sáíbà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Wàndó. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Espacenet, ibi tí wọ́n ti ń wá ìwé páténtì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ò gba fàránkì kan. Ọ̀rọ̀ lásán ò gbé wa débì kan, àfi ìgbà tí mo tẹ G06F 30/392, nọ́ńbà ìsọ̀rí tí wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ ìtò ẹ̀yà ṣíìpù sí. Ìwé ya dé!

"Ẹ̀gbọ́n, àwòrán yìí jọ tèmi."

Mo ní kó fi àwòrán sílẹ̀, kó ka claims, apá tí olùṣẹ̀dá ti ń sọ ohun tó jẹ́ tirẹ̀: ibẹ̀ ni ààlà ẹ̀tọ́ wà. Ó ṣì ń kà á.