Jabi, Ushafa, Mpape àbí Zuma: ẹ yan ọ̀nà kí ẹ tó ra kẹ̀kẹ́

Kí ẹ tó kówó lé kẹ̀kẹ́ ológeere ní Àbújá, ẹ kọ́kọ́ pinnu ibi tí ẹ ó máa gbé e lọ láàárọ̀ Sátidé. Òdìkejì ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe. A ó rí kẹ̀kẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán, a ó gbé e wò, yóò fúyẹ́, owó ti bọ́ lápò nìyẹn. Ọjọ́ tí a bá gbé e dé ojú kòtò la ó tó rí i pé táyà rẹ̀ àti ilẹ̀ ibí kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Jabi kò gba àlàyé púpọ̀. Adágún tí ènìyàn fọwọ́ dá ni, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, afẹ́fẹ́ omi ń fẹ́, àwọn tó ń sáré ìdárayá sì máa ń kún ibẹ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Kẹ̀kẹ́ èyíkéyìí ló lè gùn ún, kódà èyí tí kò ní jíà. Ẹ lè fi Maitama kún un láàárọ̀ Sunday tí ọkọ̀ kò tíì pọ̀, kí ẹ gba ẹ̀gbẹ́ Millennium Park, ọgbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá ṣí ní 2003. Àpáta Aso ńkọ́? Ẹ wò ó lókèèrè. Villa wà nítòsí rẹ̀, àwọn sọ́jà ibẹ̀ kì í sì í bá ẹni tó ṣìnà ṣàwàdà. Bó bá jẹ́ Jabi nìkan ló wù yín, ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ẹ yá ti ọ̀rẹ́ yín.

Ushafa ni ààyò mi, ibẹ̀ ni mo sì rò pé ó yẹ kí owó yín tẹ̀ lé. Ẹni tó ń gbé Kubwa, àwa Yorùbá sì pọ̀ níbẹ̀, yóò gba Dutse Alhaji, yóò mú ọ̀nà Bwari pọ̀n. Bí ilé bá ti ń tán lójú ọ̀nà, òkè olókùúta á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́tùn-ún lósì, oko àwọn Gbagyi á sì tẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn. Ẹ ó rí àwọn obìnrin wọn tí wọ́n ń toko bọ̀, èjìká ni wọ́n ń gbé ẹrù lé, kì í ṣe orí bíi tiwa. Ushafa fúnra rẹ̀ ni abúlé tí Bill Clinton yà sí ní August 2000 nígbà tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ ìkòkò mímọ wà níbẹ̀, iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe kékeré láàárín Gbagyi: Ladi Kwali, tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà, ọmọ wọn ni. Ẹ tẹ̀ síwájú díẹ̀, ẹ ó bá dáàmù Lower Usuma, níbi tí omi ẹ̀rọ Àbújá ti ń wá, tí omi tẹ́ lọ salalu láàárín òkè. Bí ẹ̀ṣọ́ bá ní ẹ kò lè wọlé, ẹ má bá wọn jiyàn. Ojú ọ̀nà nìkan ti tó wò.

Láti Kubwa, wákàtí mẹ́ta ti tó fún àlọ àti àbọ̀ pẹ̀lú ìsinmi. Ọ̀nà náà ń gòkè, ó ń sọ̀. Ọ̀dà dán ní ibì kan, ó ti ṣí ní ibòmíràn. Òpin òjò ló dára jù, nígbà tí koríko ṣì tutù tí ọyẹ́ kò tíì gbé eruku dé. Ọ̀rọ̀ ajínigbé ti kan agbègbè Bwari rí, nítorí náà ẹ má dá nìkan lọ, ẹ má kúrò lójú ọ̀nà tí èrò ń gbà, ẹ sì tètè padà.

Mpape sún mọ́ ìlú ju Ushafa lọ, ṣùgbọ́n ìyà rẹ̀ pọ̀ jù. Òkè gan-an ni, àwọn típà tó ń kó òkúta á máa bá yín du ọ̀nà, eruku wọn á sì máa bọ́ sí yín lẹ́nu. Èrè rẹ̀ ni pé bí ẹ bá wẹ̀yìn láti òkè, ẹ ó rí ìlú nísàlẹ̀ yín. Ẹni tó fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun le ni kó lọ, bíréèkì rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ dá a lójú, torí ìsọ̀kalẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe eré.

Zuma ni gbogbo wa mọ̀, ẹ̀yìn owó 100 náírà tí Awólọ́wọ̀ wà níwájú rẹ̀ ló wà. Ìpínlẹ̀ Niger ni àpáta náà wà, lẹ́yìn Madalla, ẹ̀bá ọ̀nà Kàdúná. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ eré ìje ti lè rí ọ̀dà gbọọrọ sáré lé, ibẹ̀ náà sì ni n kò ní jẹ́ kí àbúrò mi gùn. Tírélà ni ó ń gba ọ̀nà yẹn. Ẹ gbé mọ́tò lọ wò ó.

Ẹ ti rí ibi tí mo ń lọ. Kẹ̀kẹ́ eré ìje, tí táyà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ bíi mílímítà 25 sí 28, kò wúlò fún ọ̀nà tí mo fọwọ́ sí. Kẹ̀kẹ́ orí òkè, táyà bí ínǹṣì 2, kò bẹ̀rù kòtò kankan, Mpape gan-an ló bá mu, ṣùgbọ́n ó wúwo lórí ọ̀dà. Èyí tó wà láàárín, táyà bíi mílímítà 38 sí 45, ni kí ẹ wá fún Ushafa. Ẹ ṣọ́ra fún tuntun olówó pọ́ọ́kú tó ní sípíríǹgì níwájú àti lẹ́yìn. Ó ń wu ojú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń gòkè, sípíríǹgì yẹn ló ń jẹ agbára yín. Tòkunbọ̀ tó dúró dáadáa sàn jù ú lọ.

Bí tòkunbọ̀ bá wù yín, ẹ gbé e sókè kí ẹ yí rímù: bó bá ń jó lọ jó bọ̀ láàárín bíréèkì, ó ti tẹ̀. Ẹ wo gbogbo ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ bóyá ó là. Ẹ gùn ún gòkè kí ẹ tó ná an, kí ẹ sì pààrọ̀ jíà níbẹ̀, torí jíà tó ń fò kì í sábà fi ara hàn lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Ẹ tún wo ẹnu tíúùbù. Èyí tó rí bíi ti mọ́tò ni kí ẹ mú, fọkanáísà èyíkéyìí ní Dutse lè fẹ́ ẹ fún yín. Tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ìdè kékeré lórí kò gba ẹnu ẹ̀rọ wọn àfi bí ẹ bá mú àfikún ẹnu rẹ̀ dání. Ẹ má ná gbogbo owó tán sórí kẹ̀kẹ́, akoto, tíúùbù kan àti pọ́ǹpù ọwọ́ ṣì wà láti rà.