Àtẹ Iṣẹ́ Ilé fún Ọmọdé, Pẹ̀lú Kóló Rẹ̀: Ìròyìn Ẹni tó Lò Ó ní Ìjẹ̀bú-Òde

Àtẹ iṣẹ́ ilé kan wà tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde báyìí, èyí tí òbí lè fi pín iṣẹ́ fún ọmọ ní ìwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, kí ó sì fi ṣírò owó tí ọmọ náà yóò gbà ní òpin ọ̀sẹ̀. Pátákó fẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gùn tó apá àgbàlagbà, wọ́n fi ọ̀rá bo ojú rẹ̀ kí omi má baà bà á jẹ́, kóló onípákó kékeré kan sì bá a rìn. ₦7,500 ni mo rà á ní agbègbè Ìta Ọṣù, màmá tó ń tà á sì gbà mí láyè láti tú u wò fínnífínní kí n tó sanwó. Ọmọ mẹ́ta ló wà lọ́dọ̀ mi, ọmọ ọdún 4, ọmọ ọdún 8 àti ọmọ ọdún 12, gbogbo wọn ni a sì jọ ń lo àtẹ náà. Ìpín iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀ dára, yàtọ̀ sí ibi méjì tí n óò tọ́ka sí. Owó tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni èmi kò fara mọ́, n óò sì sọ ìdí rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: ọmọ ọdún 3 sí 5, 6 sí 8, 9 sí 11, àti 12 sókè. Ohun tó wù mí jù ni pé ẹni tó ṣe é kò ka àwọn ọmọ kéékèèké sí ẹni tí yóò máa jókòó wo ẹ̀gbọ́n wọn níran. Kí ọmọ kó ohun ìṣeré rẹ̀ padà sínú apẹ̀rẹ̀, kí ó kó aṣọ tó dọ̀tí jọ síbi tí a óò ti fọ̀ ọ́, kí ó gbé ife oníke rẹ̀ lọ sí ilé ìdáná lẹ́yìn oúnjẹ, kí ó bá àgbàlagbà ṣa ẹ̀wà: gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán, nítorí pé ọmọ ọjọ́ orí yẹn kò tíì mọ̀wé kà. Ẹ̀wà ṣíṣà ni èyí tó kéré jù lọ́dọ̀ mi yàn láàyò. Yóò da díẹ̀ sórí àwo funfun pẹlẹbẹ, yóò máa fi ìka kan ti èyí tó dára sí ẹ̀gbẹ́ kan, yóò sì mú èyí tí kòkòrò ti lu wá fi hàn mí lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó jù ú nù. Iṣẹ́ náà ń pẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀wà náà máa ń mọ́ ju èyí tí àgbà tó ń kánjú ṣà lọ.

Wọ́n tún kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìpín yẹn pé kí òbí wá ìgbálẹ̀ tó mọ níwọ̀n fún ọmọ. Ìmọ̀ràn gidi ni. Maria Montessori, dókítà ará Ítálì tó ṣí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ fún àwọn ọmọ kéékèèké ní Róòmù ní ọdún 1907, tẹnu mọ́ ọn pé ohun èlò tòótọ́ tó ṣe wẹ́kú ọwọ́ ọmọ ni kí a fún un, kì í ṣe ayédèrú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, èyí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, nítorí pé ìgbálẹ̀ ọ̀pẹ ṣeé tú, ó sì ṣeé tún dì: ẹ yọ ìdajì rẹ̀ sọ́tọ̀, ẹ gé orí rẹ̀ kúrú díẹ̀, ẹ so ó le, ọmọ ọdún 5 yóò sì lè gbá abẹ́ tábìlì pẹ̀lú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń fi ìgbálẹ̀ lu ògiri.

Ìpín ọdún 6 sí 8 kò ní àríyànjiyàn nínú. Títẹ́ ibùsùn, gbígbá yàrá, fífọ ife àti ṣíbí, fífọ ìbọ̀sẹ̀ àti pátá ara ẹni, gbogbo rẹ̀ ni ọmọ ọjọ́ orí yẹn lè ṣe bí a bá ti fi hàn án dáadáa.

Inú ìpín ọdún 9 sí 11 ni àléébù méjì tí mo sọ wà, èkíní sì lágbára. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ọmọ máa pọn omi, wọ́n sì ya kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè ti lítà 25 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irú èyí tí a fi ń ra epo pupa. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Ẹrù yẹn jẹ́ kílò 25 láìtíì ka kẹ́ẹ̀gì fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún 9 kò wúwo ju kílò 30 lọ. Ta ni nínú àwa àgbà ni yóò gbà kí wọ́n gbé ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó òun fúnra rẹ̀ rù ú láti ìdí kànga wá sílé? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ògùn sọ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2006, fàyè gba iṣẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́ inú ilé àti ti oko tí ọmọ ń ṣe lọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fàyè gba kí a gbé ẹrù tó wúwo débi tí yóò pa ìdàgbàsókè ọmọ lára lé e lórí. Mo fi bébà lẹ àwòrán kẹ́ẹ̀gì náà pa, mo sì kọ korobá lítà 5 rọ́pò rẹ̀. Ó lè lọ kí ó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí ó bá wù ú.

Èkejì ni fífọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí wọ́n kọ láìsọ ohunkóhun nípa oògùn tí a fi ń fọ̀ ọ́. Bí bílíìṣì bá pàdé oògùn ìfọlé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní ásíìdì nínú, gáàsì olóró ló máa ń jáde láti inú rẹ̀, èyí tó ń gbani lọ́fun tó sì lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ọmọ tí kò mọ̀ a sì máa pa méjèèjì pọ̀ nítorí pé ó rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ yóò tètè mọ́. Ọṣẹ ìfọṣọ àti búrọ́ọ̀ṣì tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12. Kí bílíìṣì wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó.

Yàtọ̀ sí èyí, àtẹ náà fi àlàfo mẹ́rin sílẹ̀ nínú ìpín kọ̀ọ̀kan kí ìdílé lè kọ iṣẹ́ tiwọn sí i. Mo gbóríyìn fún wọn lórí èyí, nítorí pé ó hàn gbangba pé láti ìlú òyìnbó ni wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ nínú iṣẹ́ tó wà lórí rẹ̀: ẹ̀rọ ìfọbọ́ wà níbẹ̀, ajá tí a ń mú rìn káàkiri àdúgbò náà wà níbẹ̀. Pínpín iṣẹ́ ní ìwọ̀n ọjọ́ orí kì í sì í ṣe ohun àjèjì sí àwa Ìjẹ̀bú. Àwọn regbẹ́regbẹ́ tó ń yọ̀ wá sí Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta Iléyá, ọjọ́ orí náà ni wọ́n fi kó wọn jọ, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì mọ ohun tí ìlú ń retí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ìkọ́kọrẹ́ sí àlàfo ìpín mẹ́ta. Èyí tó kéré jù ní í ṣa ẹja gbígbẹ sínú abọ́, ọmọ ọdún 8 ní í yọ egungun rẹ̀, ẹ̀gbọ́n wọn ní í rin ewùrà. Mo kọ́ ọ pé kí ó fi epo pupa pa ọwọ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ewùrà máa ń yún ènìyàn lọ́wọ́, kí ó sì dáwọ́ dúró nígbà tí èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ bá ti kéré tó àtàǹpàkò, kí agolo tí a fi ìṣó dá lu, èyí tí ó fi ń rin ín, má baà bó o lára. Èyí tó kù yẹn, èmi ni mo máa ń parí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Wọ́n kọ ₦20 sí títẹ́ ibùsùn, ₦50 sí gbígbálẹ̀, ₦100 sí fífọ abọ́. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ọmọ tó bá ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lójoojúmọ́ yóò gba ₦170 lóòjọ́, èyí tó jẹ́ ₦1,190 ní ọ̀sẹ̀. Fún ọmọ mẹ́ta, ó di ₦3,570, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó di ₦14,280. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò lè san án, òbí tó bá sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tí ó wá dáwọ́ dúró láàárín ọ̀nà ti kọ́ ọmọ rẹ̀ pé àdéhùn àgbà kò ṣeé gbára lé.

Ṣùgbọ́n bí owó náà bá tilẹ̀ wà, èmi kò ní san án lórí iṣẹ́ wọ̀nyẹn. Ní ilé mi, kò pẹ́ tí a gbé àtẹ náà kọ́ tí ìyá mi fi ní kí ọmọ ọdún 8 bá òun gbé abọ́ òun lọ sí ilé ìdáná. Ọmọ náà wo ara àtẹ, ó ní, “Màmá àgbà, èló ni ẹ óò san?” Ìyá mi dá a lóhùn pé, “Ṣé kí èmi náà gba owó ìkọ́kọrẹ́ tí o jẹ lánàá lọ́wọ́ rẹ ni?” Kò bá a wí ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọmọ náà sì gbé abọ́. Àléébù àtẹ náà ni èyí, kì í ṣe ti ọmọ: ohun tí a kọ síwájú rẹ̀ ló kà. Ibùsùn tí ọmọ sùn lé, abọ́ tí ó fi jẹun, yàrá tí ó ń gbé, gbèsè tí gbogbo ará ilé jẹ ara wọn ni ìtọ́jú wọn. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan gbà pé ọmọ tó bá gba owó lórí iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò mọ iyì owó, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Iṣẹ́ tí a lè ní kí ará ìta wá bá wa ṣe ni kí a san owó rẹ̀ fún ọmọ: fífọ mọ́tò, títu koríko ẹ̀yìnkùlé, bíbó ẹ̀gúsí tí ìyá rẹ̀ fẹ́ tà. Àwọn wọ̀nyí ni mo fi owó sí. Mo pa iye tó wà níwájú iṣẹ́ yòókù rẹ́, mo sì fi owó ọ̀sẹ̀ kékeré kan lélẹ̀ fún àwọn méjì tó dàgbà, ₦300 fún ọ̀kan, ₦500 fún èkejì, tí wọn yóò gbà yálà wọ́n ṣe iṣẹ́ àfikún tàbí wọn kò ṣe é. Ọmọ ọdún 12 ti ń kó tirẹ̀ jọ de fìlà àti bàtà tí yóò wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kò béèrè owó abọ́ mọ́, ẹ̀gúsí sì ń di bíbó.

Àwòrán orí rẹ̀ náà ń fẹ́ àtúnṣe. Obìnrin ni gbogbo ọmọ tó ń dáná níbẹ̀, ọkùnrin sì ni gbogbo èyí tó ń fọ mọ́tò. Ọmọkùnrin tí kò mọ bí a ti ń se ìrẹsì yóò jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ tí ó bá ń dá gbé.

Ọ̀rá tí wọ́n fi bò ó dára, ó ń gba omi nù. Bírò rẹ̀ máa ń parẹ́ pẹ̀lú aṣọ gbígbẹ bí a bá tètè nù ún, ṣùgbọ́n èyí tó bá sùn síbẹ̀ di ohun tí a ń fi sipírítì ha. Àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ iwájú orúkọ ọmọ kì í pẹ́ kí ó tó jábọ́ lásìkò òjò.

Kóló ni kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ihò rẹ̀ tóóró jù. Owó oníke, ìyẹn ₦5, ₦10, ₦20 àti ₦50, kì í gbà kí a ká òun mọ́lẹ̀. Bí ọmọ bá ká ₦50 tí ó kì í bọ̀ ọ́, yóò là láàárín ihò, yóò sì há síbẹ̀, ìdajì níta, ìdajì nínú, títí àgbàlagbà yóò fi fi ọ̀bẹ tì í wọlé. Èyí tó tún burú ni pé wọ́n kan ìdí rẹ̀ pa, àfi kí a fọ́ ọ. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022 tí Báńkì Àpapọ̀ kéde pé àwọn yóò pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, òpin oṣù Kìíní ọdún 2023 ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe gbèdéke. Wọ́n sún un síwájú, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì wá sọ ní oṣù Kẹta pé kí a ṣì máa ná owó àtijọ́, ṣùgbọ́n kí ó tó dìgbà náà, ẹni tí owó rẹ̀ wà nínú kóló tí kò ṣeé ṣí ti fọ́ ọ. Ó sì yẹ kí ọmọ lè ka owó rẹ̀ lóṣooṣù, kí ó mọ iye tó kù kí ó tó pé.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ béèrè èyí tí kò ní kóló. ₦5,000 ni wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, inú ọ̀rá ni wọ́n ká a sí lẹ́yìn káńtà, wọn kì í pàtẹ rẹ̀ síta. Káfíńtà àdúgbò yóò fi pákó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ kan kóló tó ní ihò gbígbòòrò àti ìdè àgádágodo fún yín, kò sì yẹ kí ó gbà tó ₦2,500 tí ẹ kò san lórí ti wọn.