Bentonite tàbí kaolin: amọ̀ wo ni kí ẹ rà fún àmì dúdú ọjọ́ orí?

Ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí àmì dúdú pẹlẹbẹ ti ń yọ lẹ́yìn ọwọ́ àti lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ọdún 22 ni mo fi ta aṣọ nínú oòrùn ní Gbági, n kò fi nǹkan kan bo ojú. Nígbà tí àmì náà dé, n kò fẹ́ bóra, mo ní amọ̀ ni màá lò. Mo ti ra méjèèjì, mo sì ti lò wọ́n kan ìdí ike.

Kí ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ mọ̀ pé kò sí amọ̀ tó ń dé ibi tí àmì yẹn ti ń wá. Ìsàlẹ̀ awọ òkè ni ohun tó ń pèsè dúdú ara wà, oòrùn ọ̀pọ̀ ọdún ló sì mú kó máa pèsè rẹ̀ lápọ̀jù lójú kan. Orí awọ ni amọ̀ mọ. Ó ń fa òróró, ó ń kó awọ tó ti kú kúrò, ojú á mọ́, àmì náà á sì rọlẹ̀ díẹ̀ lójú ẹni tó ń wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní amọ̀ tòun á pa á rẹ́ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ má dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n lè ti po mẹ́kúrì mọ́ ọn, èyí tí NAFDAC kò gbà láyè nínú ìpara, tó sì ń ba kídìnrín jẹ́.

Láti mọ èyí tí wọ́n tà fún yín, ẹ bu ṣíbí kan sínú omi. Bentonite á mu omi náà, á wú, á máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọbẹ̀ ilá. Kaolin á wálẹ̀ sí ìsàlẹ̀ bí ògì, omi á dá dúró lórí rẹ̀ bí omidùn.

Kaolin ló dínwó. Wọ́n ń wà á nílẹ̀ wa níbí, ní Ìjerò-Èkìtì. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú bentonite tí wọ́n ń tà fún ojú ti ń wá. Ní ti fífa òróró, bentonite ló lágbára jù, ẹni tí ojú rẹ̀ ń dán láàárọ̀ lálẹ́ á fẹ́ràn rẹ̀.

Ibi gbígbẹ ni mo ti fara gbá. Ọmọ mi obìnrin ló fi ike bentonite kan ránṣẹ́ sí mi láti Lọ́ńdọ̀nù. Mo fi omi pò ó, mo kùn ún sójú, mo sì dúró dìgbà tó gbẹ pátápátá, nítorí bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi nìyẹn. Ó tó ogójì ìṣẹ́jú. Ojú mi le débi pé n kò lè la ẹnu dáadáa, amọ̀ náà ń sán wẹ́wẹ́ lẹ́bàá imú. Nígbà tí mo ṣàn án, gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń ta mí. Ọjọ́ kejì ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ojú ibi tó bó ti dúdú ju àmì tí mo ń wá ọ̀nà láti pa rẹ́ lọ.

Dókítà awọ tí mo lọ bá ló là mí lóye. Ara dúdú bíi tiwa, ohunkóhun tó bá bó o tàbí tó jó o máa ń fi dúdú sílẹ̀. Awọ ojú ń fẹ́ ohun tó kan díẹ̀, nǹkan bíi 5 lórí ìwọ̀n pH, ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó: bí òǹkà náà bá ṣe kéré sí ni nǹkan ṣe ń kan sí. Omi bentonite lè dé 9, ó ń sún mọ́ ọ̀nà omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Kaolin kì í sábà kọjá 7. Oṣù márùn-ún kí ojú mi tó padà bọ̀ sípò, owó dókítà àti ìpara sì ju iye ike amọ̀ náà lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po. Inú ṣì máa ń bí mi bí mo bá rántí.

Dókítà náà tún fi hàn mí pé àwọn dúdú kéékèèké tó ga bí orí abẹ́rẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi kì í ṣe ti oòrùn rárá, àjogúnbá ni. Amọ̀ kò ní nǹkan kan í ṣe sí i.

Àwọn kan á bèèrè nípa ẹfun lọ́dọ̀ àwọn lẹ́kulẹ́ja. N kò rà á fún ojú. Ní Britain, wọ́n ti kìlọ̀ fún àwọn aláboyún pé kí wọ́n má jẹ irú rẹ̀ tí àwọn Ìgbò ń pè ní nzu, nítorí òjé inú rẹ̀. Ohun tí n kò lè fi sẹ́nu, n kò ní fi sẹ́bàá ẹnu.

Nítorí náà, bí ojú yín bá ń yọ òróró gan-an, tí ẹ kì í tètè bó, ẹ lè ra bentonite kékeré, kí ẹ sì kọ́kọ́ dán an wò lábẹ́ àgbọ̀n fún ọjọ́ méjì. Ẹni tí awọ rẹ̀ ti gbẹ, bí tèmi àti ti ọ̀pọ̀ àgbà, kó ra kaolin. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni mo ń lò ó: ṣíbí kaolin kan, oyin díẹ̀, omi. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré, kó tó gbẹ ni mo ti ń ṣàn án, mo sì ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Owó tí ẹ bá ṣẹ́kù, ẹ fi ra ìpara adènà oòrùn, SPF 30 ó kéré tán, kí ẹ máa fi pa ojú àti ẹ̀yìn ọwọ́ láràárọ̀. Àmì ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún mi ti ń ṣá láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ti ẹ̀yìn ọwọ́ ṣì wà, àmọ́ kò sí tuntun mọ́.

Àmì tó bá ń tóbi, tó ń yí àwọ̀ padà, tó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tó yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ tàbí abẹ́ èékánná, ẹ má fi amọ̀ kàn án. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ni jẹjẹrẹ awọ tó pa Bob Marley lọ́dún 1981 ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.